Ọgọ́ta Ìgò Ìtọ̀ Tó Fẹ́ Gba Iṣẹ́ Dókítà Lọ́wọ́ Mi

Ẹ̀yin ọmọ kíláàsì ìkẹyìn tí ẹ ní kí n kọ ohun tí ojú mi rí lẹ́nu iṣẹ́, ẹ jókòó dáadáa, kí ẹ sì gbé fóònù yẹn sílẹ̀. Mo ti fẹ̀yìn tì, mi ò kánjú mọ́. Mo gbọ́ pé àwọn kan nínú yín fẹ́ ṣe dókítà, àwọn kan ní ìwádìí ìjìnlẹ̀ làwọn fẹ́ ṣe. Èmi ṣe méjèèjì pọ̀, ó sì ku díẹ̀ kí n má rí ọ̀kankan ṣe nínú wọn. Ìtọ̀ ló fà á. Ẹ má rẹ́rìn-ín. Ó dáa, ẹ máa rín in, èmi náà ti rín tèmi tán kí n tó mú bírò.

Nọ́ọ̀sì ni mí tẹ́lẹ̀. Mo ti gbẹ̀bí ní Ìkẹ́rẹ́ àti Èmùré fún ọ̀pọ̀ ọdún, mo ti lọ́kọ, mo ti bímọ méjì, kí n tó sọ pé mo fẹ́ lọ kàwé dókítà. Ọkọ mi, Baba Dámọ́lá, tíṣà ni ní Ìkẹ́rẹ́, ilé wa ò jìnnà sí ẹsẹ̀ òkè Olósùnta. Ó wò mí títí, ó ní, "Rẹ̀mí, ṣé o ti rò ó dáadáa?" Mo ní mo ti rò ó. Ó ní, "Ó dáa. Èmi á máa wẹ̀ fún àwọn ọmọ." Gbogbo ìpàdé tí a ṣe lórí ẹ̀ nìyẹn. Bí mo ṣe wọlé, àti bí a ṣe rí owó san, ẹ jẹ́ kó máa lọ bẹ́ẹ̀, kò dùn-ún gbọ́.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé bí ẹ̀kọ́ náà ṣe rí, torí nígbà yẹn kò yé ẹnì kankan nílé wa. Ẹni tó bá fẹ́ ṣe dókítà nìkan, ọdún mẹ́fà ló máa fi kàwé. Ọdún mẹ́ta àkọ́kọ́, inú ìwé àti inú yàrá òkú ló máa wà, á mọ egungun àti iṣan lórúkọ. Ọdún mẹ́ta tó kẹ́yìn, wọ́ọ̀dù ló máa wà, lọ́dọ̀ àwọn aláìsàn. Ṣùgbọ́n wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ la ọ̀nà kan sílẹ̀ fún àwa díẹ̀. Tí o bá ṣe ọdún mẹ́ta àkọ́kọ́ tán, wọ́n á yọ ọ́ kúrò láàárín ẹgbẹ́ rẹ, wọ́n á fà ọ́ lé ọ̀jọ̀gbọ́n kan lọ́wọ́, wàá sì lọ wádìí ohun tí ẹnikẹ́ni ò tíì mọ̀. Wàá kọ ọ́ sí ìwé ńlá, àwọn àgbà á jókòó yí ọ ká, wọ́n á da ìbéèrè bò ọ́. Tí o bá yege, o di ọ̀mọ̀wé. Ẹ̀yìn ìyẹn lo tó máa padà sí wọ́ọ̀dù lọ parí iṣẹ́ dókítà. Ọdún mẹ́sàn-án gbáko, ìwé ẹ̀rí méjì. Kí ọwọ́ wa má bàa gbàgbé aláìsàn láàárín ọdún ìwádìí, wọ́n ní a gbọ́dọ̀ máa wá sí kíliníìkì ní gbogbo ọ̀sán Ọjọ́rú.

Òfin kan ló le níbẹ̀. Àyè rẹ ní wọ́ọ̀dù, ọdún mẹ́ta péré ni wọ́n máa fi pa á mọ́ dè ọ́. Tí ọdún mẹ́ta bá pé tí ìwádìí rẹ ò tíì parí, wọ́n á gbé àyè náà fún ẹlòmíràn. O ṣì lè di ọ̀mọ̀wé nígbà tó bá yá, ṣùgbọ́n ti dókítà ti bọ́ nìyẹn. Ẹ rántí òfin yìí, torí òun ló fẹ́ pa mí.

Ìyá mi ní Ọ̀rún ò gbọ́ gbogbo àlàyé yìí. Ohun tó gbọ́ ni pé wọ́n ti yọ Rẹ̀mí kúrò láàárín ẹgbẹ́ ẹ̀. Ìgbà tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fún wa ní ìpínlẹ̀ Èkìtì ni, gbogbo ènìyàn ń yọ̀ pé ọmọ tàwọn máa di ńlá. Àwọn tí a jọ wọlé ti ń wọ kóòtù funfun káàkiri wọ́ọ̀dù. Èmi ń gun ọ̀kadà láti Ìsẹ̀ lọ sí Ọ̀rún, mo gbé kúlà lé ẹsẹ̀, ìtọ̀ ló kún inú ẹ̀.

"Rẹ̀mí," Màámi pè mí wọ yàrá, ó ti ilẹ̀kùn. "Sọ òótọ́ fún mi. Kí lo ṣe fún wọn?"

"Mi ò ṣe nǹkan kan, Màámi. Wọ́n yàn mí ni."

"Wọ́n yàn ọ́ pé kí o máa gba ìtọ̀ kiri?"

"Ìwádìí ni, Màámi."

"Ìwádìí? Ṣé o ti di ọlọ́pàá ni?" Ó bú sẹ́kún. "Ọmọ tí mo fi iṣu àti kòkó tọ́!"

Èdè tiwa ni Màámi ń sọ o. Ulé ló ń pe ilé, ugò ló ń pe ìgò. Èmi ń kọ ọ́ bí wọ́n ṣe ń kọ ọ́ nílé ìwé, kí àwọn ọmọ Èkó inú yín má bàa ní àwọn ò gbọ́.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ti ọ̀gá mi. Ọ̀jọ̀gbọ́n náà kéré lójú, ó gbẹ bí ẹja panla, kì í pariwo, ṣùgbọ́n ẹ̀rù ẹ̀ ń bà mí ju ìrọbí lọ. Kí-Lo-Rí ni àwa akẹ́kọ̀ọ́ ń pè é lẹ́yìn. Oṣù mẹ́ta àkọ́kọ́, gíláàsì pẹlẹbẹ tí a fi ń wo nǹkan ló ní kí n máa fọ̀. Èmi, nọ́ọ̀sì, ìyá ọlọ́mọ méjì! Màá fọ̀ ọ́, màá nù ún, á gbé e sókè sójú oòrùn, á ní, "Tún un fọ̀." Ọjọ́ tó wá jẹ́ kí n fojú kan máíkíróskóòpù, ẹ̀rọ tó ń sọ ohun kékeré di ńlá lójú, inú mi dùn bí ẹni tó gba ìyàwó tuntun. Ti ìgbà yẹn ò ní iná, dígí kan ló wà nísàlẹ̀ ẹ̀ tí a máa ń dojú ẹ̀ kọ ojú fèrèsé. Tí kùrukùru bá ti bo oòrùn, iṣẹ́ ti parí.

"Kí lo rí?" ó bi mí.

"Ẹyin kòkòrò ni, sà."

"Irọ́. Mi ò bi ọ́ pé kí lo rò. Kí lo rí?"

Mo tún wò ó. "Mo rí nǹkan roboto tó gùn díẹ̀, sà. Ẹ̀gún kan wà ní ìdí ẹ̀."

"Ẹ̀hẹn. Mélòó?"

"Wọ́n á tó nǹkan bí ogún, sà."

Ó bọ́ awò ojú ẹ̀, ó nù ún. "Nígbà tí o ń gbẹ̀bí, ṣé ohun tí o máa ń sọ fún ọkọ obìnrin nìyẹn? Pé ìyàwó ẹ̀ bí nǹkan bí ọmọ kan?"

Mo lọ sunkún ní ilé ìgbọ̀nsẹ̀ lọ́jọ́ náà. Mo padà wá, mo kà á. Mọ́kàndínlógún ni.

Ohun tí à ń wádìí ni àrùn tó máa ń mú kí ènìyàn máa tọ ẹ̀jẹ̀. Kòkòrò inú odò ló ń fà á, ó máa ń gba ẹsẹ̀ wọlé sára ẹni tó bá lọ pọnmi tàbí lọ wẹ̀. Ọ̀gá fẹ́ mọ àdúgbò tó ti pọ̀ jù ní gúúsù Èkìtì, àti ìdí ẹ̀. Iṣẹ́ mi ni kí n gba ìtọ̀ ará ilé kọ̀ọ̀kan, kí n ka ẹyin tó wà níbẹ̀, kí n sì fún ẹni tó bá ní in lóògùn. Ọ̀gá wá fi òfin tiẹ̀ kún òfin yunifásítì. Ó ní ọ̀sán ni kòkòrò yìí máa ń da ẹyin sínú ìtọ̀ jù, nítorí náà láàárín aago mẹ́wàá àárọ̀ sí aago méjì ọ̀sán ni kí n gbà á. Ó tún ní kí ẹni náà fò sókè díẹ̀ kó tó tọ̀, kí ẹyin tó bá wà nísàlẹ̀ lè rú jáde.

Ẹ dákun, ta ló ń jókòó sílé ní Ọ̀rún ní aago mẹ́wàá àárọ̀? Oko ni gbogbo wọn wà! Mo bá ń lé wọn lọ sóko. Ẹ máa rí èmi, kúlà lórí, lábẹ́ igi kòkó, tí mò ń bẹ àgbàlagbà pé kó dákun kó fò. Ọdẹ kan láti àdúgbò Màámi, Bàbá Ògúndélé, tí mo kàn kọ́kọ́ fi dán an wò láìkà á mọ́ iṣẹ́, gbé ìbọn ẹ̀ tì síbi igi, ó fò lẹ́ẹ̀mẹta, ó dúró, ó ń mí gúlegúle. Ó ní, "Dókítà, ṣé ìtọ̀ lẹ fẹ́ ni àbí ijó?" Kí ọ̀sẹ̀ yẹn tó parí, Dókítà Onítọ̀ ni gbogbo ìlú ń pè mí. Orúkọ náà ò sì tíì kúrò lára mi títí di òní.

Bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe é títí ọdún méjì àti oṣù mẹ́wàá ìwádìí fi pé. Ẹsẹ̀ mi dúdú, bàtà mi já. Ó wá ku àdúgbò kan péré, àdúgbò Màámi gan-an, ọgọ́ta ènìyàn. Mo ti fi tiwọn sí ìkẹyìn torí mo rò pé òun ló máa rọrùn jù. Oṣù méjì ló kù kí àyè mi tó bọ́.

Ọjọ́ tí mo fẹ́ bẹ̀rẹ̀ ni ọkọ mi ránṣẹ́ pé igbóná ti mú Dámọ́lá, kí n máa bọ̀ ní Ìkẹ́rẹ́. Mo kó ọgọ́ta ìgò kéékèèké sílẹ̀ fún Màámi. Mo ti kán oògùn tí kì í jẹ́ kí ìtọ̀ bàjẹ́ sínú ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn, mo sì fi ìwé orúkọ àwọn ará àdúgbò tì í. Màámi mọ̀ọ́kọ, òun ni akọ̀wé ẹgbẹ́ àwọn ìyá ní ṣọ́ọ̀ṣì.

"Ẹ kàn bá mi sọ fún wọn pé kí wọ́n dè mí lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀," ni mo wí. "Aago mẹ́wàá sí aago méjì."

"Máa lọ," ni Màámi wí. "Lọ tọ́jú ọmọ rẹ."

Ara Dámọ́lá yá. Ọ̀sẹ̀ kan lẹ́yìn náà mo padà sí Ọ̀rún, mo bá kúlà lẹ́yìn ilẹ̀kùn. Ọgọ́ta ìgò ló wà nínú ẹ̀, gbogbo ẹ̀ ti kún. Orúkọ wà lára ọ̀kọ̀ọ̀kan, ọjọ́ wà níbẹ̀, aago wà níbẹ̀, kò sí èyí tó kọjá aago méjì. Mo kúnlẹ̀, mo di ẹsẹ̀ ìyá mi mú.

"Màámi, báwo lẹ ṣe rí gbogbo wọn mú?"

"Ọlọ́run ló bá wa ṣe é," ó ní. Ó ti rù díẹ̀. Mo rò pé wàhálà mi ló ń ronú.

Mo gbé kúlà ọjọ́ náà gan-an, mo wọkọ̀ padà sí yunifásítì, mo gbé e sí orí tábìlì nínú lábù, mo lọ sùn bí ọmọ tuntun. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́ tí mo wọlé, Ọ̀gá ti wà níbẹ̀. Ó dúró ti kúlà mi, ó káwọ́ sẹ́yìn.

"Kí lo rí?" ó ní.

Mo wò ó. "Èèrà, sà."

"Níbo ni wọ́n ń lọ?"

"Wọ́n ń lọ síbi àwọn ìgò, sà. Síbi ọmọrí ẹ̀."

"Ìgò wo?"

Mo tẹ̀ síwájú. "Gbogbo ẹ̀, sà."

Ọ̀gá mú bébà tẹ́ẹ́rẹ́ kan, irú èyí tó máa ń yí àwọ̀ padà tí ṣúgà bá wà nínú ìtọ̀. Ó tì í bọ ìgò kìn-ín-ní. Àwọ̀ yí. Ó mú ìkejì, àwọ̀ yí bákan náà. Ìkẹta. Ìkẹwàá. Ó kán díẹ̀ sórí gíláàsì, ó ní kí n wá wò ó. Kò sí ẹyin kan ṣoṣo nínú ogún tí mo wò.

"Ta ni nọ́ńbà kẹtàdínlógún?"

Mo wo ìwé orúkọ. "Ọmọbìnrin ọlọ́dún mẹ́jọ, sà."

"Nọ́ńbà kejìlélógójì?"

"Bàbá Ògúndélé, sà. Ọdẹ ni."

"Àwọn méjèèjì ní àtọ̀gbẹ?"

Mo pa ìwé orúkọ dé.

"Ẹnì kan ṣoṣo ló tọ̀ gbogbo èyí," Ọ̀gá wí. "Dà á nù. Lọ gba òmíràn."

"Ẹ̀ẹ́, sà, àyè mi ní wọ́ọ̀dù... ọ̀sẹ̀ díẹ̀ ló kù. Mo sì ní láti kà á, kí n kọ ọ́, kí n..."

"Mo gbọ́," ó ní. "Dà á nù."

Inú bí mi débi pé mi ò rántí bí mo ṣe dé Ọ̀rún. Mo mọ ẹni tó ṣe é. Kò sí ẹlòmíràn tí mo gbé ìgò fún! Mo bá Màámi ní iwájú ilé, ó ń bó ẹ̀gẹ́. Mi ò tilẹ̀ kí i, Ọlọ́run dárí jì mí.

"Màámi, ta ló tọ̀ sínú ìgò wọ̀nyẹn?"

"Ṣebí àwọn tí orúkọ wọn wà níbẹ̀."

"Bàbá Ògúndélé tọ̀?"

"Ó wá, ó tọ̀, ó lọ."

"Ṣé ó fò?"

Màámi yí ẹ̀gẹ́ ọwọ́ ẹ̀ padà. "Ó fò gan-an."

"Màámi!"

Ó gbé ọ̀bẹ sílẹ̀. Ó mu omi kọ́ọ̀pù kan nínú ìkòkò tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀, ó tún bu òmíràn. "Kí lo fẹ́ kí n ṣe? Wọ́n ti lé ọ kúrò láàárín ẹgbẹ́ rẹ. O ní tí ìgò bá pé, wọ́n á gbà ọ́ padà. Mo sọ fún àwọn èèyàn pé kí wọ́n má lọ oko, wọn ò dá mi lóhùn, àsìkò ọ̀gbìn ni. Ṣé kí n máa wò ọ́ ni? Ìtọ̀ náà ni ìtọ̀!" Ó dìde. "Mò ń bọ̀."

Ó lọ sẹ́yìn ilé. Ó padà wá, ó tún bu omi. Èmi ń pariwo ní tèmi. Mo ní, "Màámi, ẹ ti ba ayé mi jẹ́! Ọdún mẹ́fà ni mo fi dé ibí yìí!" Mo sọ ọ̀rọ̀ tí ọmọ kì í sọ sí ìyá. Ó tún dìde.

"Ibo lẹ tún ń lọ? Mò ń bá yín sọ̀rọ̀!"

"Mo fẹ́ tọ̀, Rẹ̀mí. Ṣé ìyẹn náà ti dẹ̀ṣẹ̀?"

Ibẹ̀ ni mo ti bẹ̀rẹ̀ sí í kà. Ẹ̀ẹ̀kejì nìyẹn kí n tó bínú tán. Kọ́ọ̀pù omi mẹ́ta. Mo wo ọrùn ẹ̀, egungun ti yọ. Mo wo ìró ẹ̀, ó ti wé e yípo lẹ́ẹ̀mejì nídìí. Ọdún méjì àti oṣù mẹ́wàá ni Ọ̀gá ti ń bi mí pé kí lo rí, ìyá mi jókòó síwájú mi, mi ò rí i.

Mo kúnlẹ̀. "Màámi, ẹ dákun. Ọjọ́ mélòó lẹ fi kún gbogbo ọgọ́ta ìgò yẹn?"

"Ọjọ́ kan àti ààbọ̀." Ó tún fi kún un, pẹ̀lú ìgbéraga díẹ̀: "Mo sì ṣe é láàárín aago mẹ́wàá sí aago méjì, bí o ṣe wí. Mo fò náà."

Mo bú sẹ́rìn-ín, mo bú sẹ́kún, mi ò mọ èyí tó ṣáájú. Obìnrin wo ló máa fi wákàtí mélòó kan kún ọgọ́ta ìgò tí ara ẹ̀ á dá? Mo gbé e jókòó sáàárín èmi àti ọlọ́kadà, a dé Ìsẹ̀, a wọ mọ́tò lọ sí ọsibítù kan ní Ìkẹ́rẹ́. Dókítà ibẹ̀ yẹ ẹ̀jẹ̀ ẹ̀ wò, ó gbójú sókè, ó ní àtọ̀gbẹ ni, ká dúpẹ́ pé a ò dúró di oṣù tó ń bọ̀. Wọ́n dá a dúró. Mo jókòó ti bẹ́ẹ̀dì ẹ̀, mo ti sọ lọ́kàn mi pé dókítà ti bọ́, kó máa lọ, ìyá mi wà láàyè.

Ní ọjọ́ kẹrin ojú ẹ̀ là. Ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ tó sọ ni, "Àwọn ìgò yẹn ńkọ́?"

"A ti dà á nù, Màámi. Ó ti parí."

"Ta ló sọ pé ó ti parí?" Ó pe ọkọ mi wọlé. Ó ní, "Tíṣà, gun ọ̀kadà lọ sí Ọ̀rún. Sọ fún wọn ní àdúgbò wa pé ìtọ̀ tí mo tọ̀ fún wọn ló fẹ́ pa mí, òun náà ló gbà mí là. Sọ fún wọn pé ẹni tó bá lọ oko ní ọ̀tunla kó má wá sí ìsìnkú mi."

"Màámi, ẹ ò kú o," ọkọ mi wí.

"Wọn ò mọ̀ bẹ́ẹ̀. Máa lọ."

Ẹ̀yin ọmọ, ní aago mẹ́wàá ọjọ́ náà, kò sí ẹni tó wà lóko ní àdúgbò wa. Wọ́n tò láti ẹnu ọ̀nà Màámi dé ibi igi ọsàn. Ẹ̀rù àtọ̀gbẹ ti bà wọ́n, oníkálukú fẹ́ kí n yẹ tòun wò. Wọ́n sì ń fò! Ìyá arúgbó ń fò, aláboyún fẹ́ fò, mo ní rárá o. Bàbá Ògúndélé fò títí fìlà ẹ̀ fi bọ́. Ọlọ́kadà kan tó ń kọjá dúró, ó bọ́ fìlà, ó béèrè bóyá ìsọjí ni. Mo dúró ti ìgò kọ̀ọ̀kan, mo fojú ara mi rí i. Ọgọ́ta pé ní aago kan ku ìṣẹ́jú mẹ́wàá.

Mi ò sùn dáadáa títí mo fi kà á tán. Nígbà tí mo kọ ìwé ńlá náà, mo fo ti ọgọ́ta ìgò àkọ́kọ́. Ọ̀gá kà á, ó dá a padà. "Kí ló ṣẹlẹ̀ sí ọgọ́ta ìgò?" Mo ní ojú ló ń tì mí. Ó ní, "Mi ò béèrè bí ojú rẹ ṣe rí. Kọ ọ́ síbẹ̀." Mo kọ ọ́. Ọjọ́ tí wọ́n da ìbéèrè bò mí, àlejò kan láti yunifásítì mìíràn ṣí ojú ìwé náà gan-an. Ó ní, "O kọ ọ́ síbí pé ẹnì kan ṣoṣo ló tọ̀ gbogbo ẹ̀. Ta ni ẹni náà?"

"Ìyá mi ni, sà."

Wọ́n rẹ́rìn-ín títí tábìlì fi ń mì. Ọ̀gá yọ áńkáṣíìfù, ó ń nu ojú, ó ní eruku ló kó sí òun lójú. Mo yege. Ọjọ́ mẹ́sàn-án ló kù kí àyè mi ní wọ́ọ̀dù tó bọ́. Nígbà tí Màámi gbọ́ pé òun wà nínú ìwé, ó ní kí n ka ibẹ̀ fún òun ní Yorùbá. Ó béèrè ìdí tí mi ò fi kọ orúkọ òun.

Mo padà sí wọ́ọ̀dù. Ọ̀dọ́mọkùnrin tí mo kọ́ ní orúkọ egungun nígbà kan ti di ọ̀gá mi níbẹ̀, ó ń pàṣẹ fún mi pé, "Ọ̀mọ̀wé, ẹ lọ fa ẹ̀jẹ̀ ẹni yẹn." Mo lọ fà á. Mo di dókítà. Láti ìgbà náà, àárọ̀ ni mo fi ń wo aláìsàn, ọ̀sán ni mo fi ń jókòó sí lábù, títí mo fi fẹ̀yìn tì. Mo rí i tí máíkíróskóòpù kúrò ní ti dígí, ó di ti iná, ó wá di èyí tó ń gbé àwòrán sórí kọ̀ǹpútà, tí àwọn ọmọ ń wò láìfi ojú kan ẹ̀rọ rárá. Èyí tó kẹ́yìn yẹn ń ka ẹyin fúnra ẹ̀. Mo máa ń kà á tẹ̀lé e. Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo ti mú un níbi tó ti ṣì í kà, inú mi dùn púpọ̀.

Ẹ bi mí bóyá ó yẹ kí ẹ ṣe é. Tí ẹ bá fẹ́ kí ará ilé tètè máa yìn yín, ẹ má ṣe é. Ọdún á gùn, ẹgbẹ́ yín á ṣáájú, orúkọ burúkú á sì lẹ̀ mọ́ yín. Èmi mọ ohun tí mo rí nínú ẹ̀. Ká ní dókítà nìkan ni mí, mi ò ní gbé ìgò lọ sí Ọ̀rún. Ká ní ìwádìí nìkan ni mo mọ̀, màá da ọgọ́ta ìgò nù, màá sì bínú lọ.

Lọ́jọ́ ìsìn ìdúpẹ́ ìfẹ̀yìntì mi, ní ṣọ́ọ̀ṣì wa ní Ìkẹ́rẹ́, àwọn èèyàn ń gbé ẹ̀bùn wá síwájú. Màámi jókòó ní ìjókòó iwájú pẹ̀lú ọ̀pá ẹ̀. Ó ti lé ní ọgọ́rin ọdún, ó ń gún abẹ́rẹ́ ẹ̀ fúnra ẹ̀ láràárọ̀, ó sì ti dá ṣúgà dúró pátápátá, àyàfi ìgbà tó bá rò pé mi ò rí òun. Ó dìde, ó rọra rìn wá, ó ti nǹkan kan bọ̀ mí lọ́wọ́ nínú ọ̀rá dúdú. Mo yọjú wò ó. Ìgò kékeré kan ni, ó kún, ó ṣì lọ́wọ́ọ́wọ́. Orúkọ ẹ̀ wà lára ẹ̀, ọjọ́ wà níbẹ̀.

"Èyí, tèmi nìkan ni," ó sọ ọ́ sí mi létí. "Mi ò bá ẹnì kankan tọ̀ ọ́."

Mo wo aago tó kọ sára ẹ̀. Mọ́kànlá kọjá ìṣẹ́jú márùn-ún.

"Ṣé ẹ fò?" mo bi í.

"Ní ọjọ́ orí mi yìí?" Màámi wí. "Ẹ̀ẹ̀kan péré."